Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ipò Agbábọ́ọ̀lù àti Iṣẹ́ Akọ́nimọ̀ọ́gbá

1. Ohun tí mo gbọ́ ní Bouaké

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2024, ikọ̀ Côte d'Ivoire àti ikọ̀ Málì wà á kò ní pápá ìṣeré Stade de la Paix ní ìlú Bouaké, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ikọ̀ mẹ́jọ péré ni ó kù nínú ìdíje náà nígbà tí ìpele yẹn bẹ̀rẹ̀. Málì ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Káàdì pupa sì ti lé ẹnì kan nínú àwọn onílé jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ní ìṣẹ́jú 90 ni Simon Adingra dá a padà. Nígbà tí àfikún àkókò ń tán lọ ni Oumar Diakité gbá èkejì wọlé, gbogbo ìlú sì gba ariwo. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Côte d'Ivoire ni Emerse Faé, ẹni tí ó ń gbá àárín ní ìgbà èwe rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Málì ni Éric Chelle, ẹni tí wọ́n bí ní Abidjan, tí ó ń gbá ẹ̀yìn, tí ó sì wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Mo wà ní Bouaké ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó ní ìsọ̀ ìyá aláṣọ kan tí ó jẹ́ ọmọ Èjìgbò, ọ̀kan nínú àwa tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anàgó. Ọmọkùnrin rẹ̀, tí ó ń sọ Yorùbá, Faransé àti Júlà bí ẹní ń mu omi, wí fún mi pé: "Bàbá, ẹ ò rí i bí? Ẹ̀yìn àti àárín ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń wá. Ẹni tó bá gbá iwájú, góòlù nìkan ló mọ̀. Kò lè darí ènìyàn." Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí pé báyẹn kọ́ ni à ń bá àgbà jiyàn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Ó wá fi kún un pé apá òsì níwájú ni òun fúnra òun ń gbá fún ẹgbẹ́ àdúgbò, nítorí náà òun kò ní forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ọ̀rẹ́ òun ń lọ.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Èrò tí ọmọ náà sọ kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti kà á nínú ìwé ìròyìn, mo sì ti gbọ́ ọ ní àpérò lẹ́nu àwọn tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé bíi tèmi. Wọ́n a sọ ọ́ bí ẹni ń sọ òfin: ipò tí ènìyàn gbá ni ó ń sọ bóyá yóò lè darí ikọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Mo kọ àròkọ yìí láti sọ pé òfin náà kò sí, àti pé àwa tí a ń tún un sọ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lójú.

2. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn

Ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn jà nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ onítọ̀hún kalẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ìbá ti gbé e kalẹ̀. Àwọn tí ó gba òfin yìí gbọ́ ní ẹ̀rí mẹ́ta.

Ẹ̀rí kìíní ni ti ojú. Aṣọ́lé àti àwọn tí ó ń gbá ẹ̀yìn a máa kọjú sí gbogbo pápá. Ẹni tí ó ń gbá iwájú a sì máa kọ ẹ̀yìn sí ìdajì eré náà. Yorùbá ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Lójú tiwọn, ẹ̀yìn ni ìjókòó àgbà.

Ẹ̀rí kejì ni ti ẹnu. Ẹni tí ó wà láàárín a máa bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀: a máa pe ti òsì, a máa dá ti ọ̀tún dúró. Ní ọdún 1963, Oscar Grusky, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí eré baseball. Ó rí i pé àwọn tí ipò wọn ń mú wọn bá ẹlòmíràn ṣe pọ̀ nígbà gbogbo, bí ẹni tí ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tí ń fi igi gbá a, àti àwọn tí ń ṣọ́ ìtòsí, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó padà di olùdarí ikọ̀. Ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù àti àwọn tí ó dá dúró ní òkèèrè kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí kẹta ni ti ife tí a gbà. Láti ọdún 2012 dé 2024, a díje fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà nígbà méje. Hervé Renard gbà á pẹ̀lú Zambia ní 2012, ó tún gbà á pẹ̀lú Côte d'Ivoire ní 2015. Stephen Keshi gbà á pẹ̀lú Nàìjíríà ní 2013, Hugo Broos pẹ̀lú Kamẹrúùn ní 2017, Djamel Belmadi pẹ̀lú Àlùjẹ́ríà ní 2019, Aliou Cissé pẹ̀lú Senegal ní 2022, Faé sì gbà á ní 2024. Renard, Keshi àti Broos gbá ẹ̀yìn. Belmadi àti Faé gbá àárín; Cissé gbá àárín tí ó súnmọ́ ẹ̀yìn. Kò sí agbábọ́ọ̀lù iwájú kan ṣoṣo láàárín wọn.

Mo gbà pé ẹ̀rí wọ̀nyí ní ìwúwo. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó gbé wọn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lé orí ìwọ̀n.

3. Ẹ jẹ́ kí a kà á

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: nínú agbábọ́ọ̀lù 11, mélòó ni ó ń gbá iwájú? Nínú ètò tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ́lé jẹ́ 1, ẹ̀yìn 4, àárín 4, iwájú 2. Èyí já sí pé ẹ̀yìn àti àárín nìkan ti kó 8 nínú 11. Bí a bá kọ orúkọ àwọn ipò mọ́kọ̀ọ̀kànlá, tí a kó wọn sínú igbá, tí a sì fi aṣọ di ojú ọmọdé kan pé kí ó mú ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ba ẹ̀yìn tàbí àárín. Ọmọ náà kò mọ bọ́ọ̀lù, igbá náà kò mọ ẹni tí ó lè darí ènìyàn. Síbẹ̀ "òfin" náà yóò fara hàn nínú ohun tí ó bá mú jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn ènìyàn mẹ́fà tí ó gba ife láti 2012 dé 2024. Bí ọmọ náà bá mú orúkọ nígbà mẹ́fà, tí a ń dá èyí tí ó mú padà sínú igbá kí ó tó tún mú, ó lè tó ẹ̀ẹ̀kan nínú méje tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò jẹ́ ti ẹ̀yìn àti àárín. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú méje láìsí ìdí kankan kò tó ohun tí a fi ń dá òfin fún ọmọ ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá mú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wá pé òun ti rí òfin kan nínú gírámà Yorùbá, màá ní kí ó padà lọ kó ọ̀rọ̀ jọ sí i.

4. Àwọn tí òfin náà kò rí

Àwọn tí ó ń pa òfin yìí mọ́ kò kàn sọ pé ará iwájú ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ọmọkùnrin Bouaké gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ará iwájú kò lè ṣe é. Ẹni kan ṣoṣo tí ó bá ṣe é tó láti ba irú òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́, àwọn tí ó sì ti ṣe é ju ẹyọ kan lọ.

Nínú gbogbo ìtàn Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ènìyàn méjì ni ó ti gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tí ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọ̀kan ni Keshi, ní 1994 àti 2013. Èkejì ni Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì, ní 1959 àti 1998. Iwájú ni El-Gohary gbá. Òun ni ó gbá góòlù jù lọ nínú ìdíje 1959. Ẹ̀yìn kan, iwájú kan. Nínú ìtàn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ẹni mẹ́ta ni ó ti ṣe irú rẹ̀: Mário Zagallo ti Bràsíl, tí ó ń gbá apá òsì níwájú, Franz Beckenbauer ti Jámánì, tí ó ń gbá ẹ̀yìn, àti Didier Deschamps ti Faransé, tí ó ń gbá àárín. Ẹni márùn-ún ni gbogbo wọn, ipò wọn sì ká pápá láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ẹ má gbàgbé Alex Ferguson, Johan Cruyff àti Jupp Heynckes pẹ̀lú. Iwájú ni gbogbo wọn ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ife ní Tùnísíà ní 1994 ni mo fẹ́ kí gbogbo olùwádìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlà kan nínú pápá tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ti inú rẹ̀ jáde. Márùn-ún nínú wọn ni ó padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà fún Nàìjíríà: Keshi àti Augustine Eguavoen láti ẹ̀yìn, Sunday Oliseh láti àárín, Samson Siasia àti Finidi George láti iwájú. Ẹni kẹfà, Emmanuel Amuneke, tí ó gbá góòlù méjèèjì wọlé nínú àṣekágbá, apá òsì níwájú ni ó ń gbá. Òun ni ó darí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ tí wọ́n fi gba ife àgbáyé ní 2015, òun náà ni ó sì mú Tanzania dé Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti 2019 lẹ́yìn ọdún 39. Siasia, ará iwájú, gba ìpò kejì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ní 2005, ó gba fàdákà ní ìdíje Òlíńpíìkì 2008 àti idẹ ní 2016. Ta ni ó wá ń sọ fún ọmọ wa ní Bouaké pé ọ̀nà iwájú kò dé ibẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

5. Ipò kì í ṣe ènìyàn

Mo jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, n kò sì lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà pápá. Àṣìṣe tí ó wà ní ìdí òfin yìí jẹ́ àṣìṣe tí a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní láti yẹra fún: kí ènìyàn mú iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ní ojú kan, kí ó sọ ọ́ di ìwà ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo "ọmọ ọba" àti "ọba ọmọ". Nínú ti àkọ́kọ́, "ọmọ" ni olórí àpólà, "ọba" ni ó ń yán an. Nínú èkejì, wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Kò sí onígírámà tí yóò sọ pé "ọba" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a dá láti máa yán ọ̀rọ̀ mìíràn nìkan nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Ferdinand de Saussure pàápàá fi eré chess ṣe àpèjúwe èdè: ibi tí a gbé ọmọ ayò sí lórí pátákó ni ó ń fún un ní iye tí ó ní ní àkókò náà, iye náà sì ń yí bí eré ti ń yí.

Bouaké fúnra rẹ̀ ni ó bí àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí Kolo Touré ní 1981 àti àbúrò rẹ̀ Yaya Touré ní 1983. Gbogbo ayé mọ Kolo ní ẹni tí ó ń gbá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Arsenal ní 2002, àárín àti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Arsène Wenger gbé e lọ sí àárín ẹ̀yìn, níbi tí ó wà nígbà tí Arsenal gbá odidi sáà 2003 sí 2004 láìfìdí rẹmi nínú líìgì. Yaya ń gbá àárín. Síbẹ̀, ní àṣekágbá líìgì àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Yúróòpù ní Róòmù ní 2009, àárín ẹ̀yìn ni ó gbá fún Barcelona. Nígbà tí ó dé Manchester City, wọ́n sún un síwájú, ó sì gbá góòlù 20 wọlé nínú líìgì ní sáà 2013 sí 2014. Kí ni ipò Yaya Touré? Ẹ̀yìn ni, àárín ni, iwájú ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ń yàn án síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àìní ikọ̀ bá ti rí. Báwo ni ohun tí ẹlòmíràn yàn fún ènìyàn yóò ṣe wá di ẹ̀rí nípa ọpọlọ onítọ̀hún?

6. Ilẹ̀kùn tí a tì

Mo ti sọ pé ìwádìí Grusky kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a yàn ni ó kà. Kò ka àwọn tí ó lè ṣe é tí a kò yàn. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré, àwọ̀ ara ni ó sì tú u fó.

Ní 1970, ọdún méje lẹ́yìn Grusky, John Loy àti Joseph McElvogue wo eré baseball àti bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó kún àwọn ipò àárín, tí a sì tò àwọn aláwọ̀ dúdú sí etí. Ní 1988, Joseph Maguire rí ohun tí ó jọ ọ́ nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú pọ̀ níwájú, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n ní àárín. Ohun tí wọ́n ń sọ ní ìgbà náà láti dá a láre ni pé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí yá, ṣùgbọ́n ìrònú ni àárín ń fẹ́.

Ẹ so ìwádìí wọ̀nyí pọ̀, ẹ ó rí ilẹ̀kùn náà. A kọ́kọ́ gbé ènìyàn sí etí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 15, nígbà tí ó bá béèrè iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, a ó sọ fún un pẹ̀lú ohùn sáyẹ́ǹsì pé etí kì í mú olùdarí jáde. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ni síta ni ó tún ń bèèrè ìdí tí a kò fi wọlé. Òfin ipò wá di aṣọ tí a fi bo ẹ̀tanú lára, àwa ọmọ Áfíríkà sì gbé aṣọ náà, a dá a bora.

Bẹ́ẹ̀ ni ipò tí ó "tọ́" pàápàá kì í gba ènìyàn là. Kolo Touré ní gbogbo ohun tí òfin náà ń béèrè: ó gbá àárín ẹ̀yìn, ó sì ti ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ọdún mélòó kan. Wọ́n fún un ní Wigan Athletic ní oṣù kọkànlá ọdún 2022; kí oṣù méjì tó pé, lẹ́yìn ìdíje 9 tí kò borí nínú ọ̀kankan, wọ́n ti ní kí ó máa lọ. N kò sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀yìn tí ó gbá kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Keshi ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn kan náà ni ó ti wá, òun ni ó sì mú Tógò dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Nígbà tí ọdún 2006 pé tí ó yẹ kí wọ́n lọ sí Jámánì, Otto Pfister ará Jámánì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó rántí òfin ipò.

7. Kí ni orúkọ iṣẹ́ yìí?

Bí ipò kò bá sọ ẹni di akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ni ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Mo rò pé èdè wa ti dáhùn kí àwa ọ̀mọ̀wé tó béèrè. Gẹ̀ẹ́sì pe onítọ̀hún ní manager, ẹni tí ó ń ṣàkóso. Faransé tí wọ́n ń sọ ní Bouaké pe ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè ní sélectionneur, ẹni tí ó ń ṣà. Yorùbá pè é ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà: a, kọ́, ni, mọ̀ọ́, gbá. Ẹni tí ó ń kọ́ ènìyàn títí onítọ̀hún yóò fi mọ bí a ti ń gbá a. Ìmọ̀ tí a fẹ́ níbẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tí a ń kọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó débẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka àròkọ yìí sì mọ̀ pé a kì í mọ olùkọ́ rere nípa ibi tí ó jókòó sí nígbà tí ó wà ní kíláàsì.

Bouaké ti rí ẹ̀rí èyí ní ọdún 40 kí Faé tó dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ìlú yìí ni Nàìjíríà ti gbá ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n na Ghánà ní 2 sí 1, wọ́n ta ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Màláwì, wọ́n sì ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Àlùjẹ́ríà. Wọ́n dé àṣekágbá ní Abidjan, níbi tí Kamẹrúùn ti borí wọn ní 3 sí 1. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́. Olùkọ́ ilé-ìwé ni kí ó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì padà di ẹni tí ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn ní iṣẹ́. Ta ni nínú wa tí ó rántí ipò tí ó gbá? Kò sí ẹni tí ó béèrè. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a rántí.

Faé náà wá ńkọ́? Àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó dá a dúró ní 2012, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 28. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Faransé, kí ó tó di igbákejì fún Côte d'Ivoire. Ọjọ́ 18 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe olórí àti ọjọ́ tí ó gba ife lọ́wọ́ Nàìjíríà. Àwọn tí ó ń ka ọjọ́ 18 yìí ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Àwọn tí ó ń ka ipò rẹ̀ ń pè é ní ẹ̀bùn àárín. Ọdún 12 tí ó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni èmi ń kà.

Wọ́n a tún máa fi Keshi àti Rashidi Yekini ṣe àfiwé. Àwọn méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù fún Africa Sports ní Abidjan, Keshi ní 1986, Yekini láti 1987 dé 1990. Keshi ará ẹ̀yìn di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Yekini ará iwájú, tí góòlù rẹ̀ kún etí gbogbo Áfíríkà, kò dà á. Wọ́n ní ipò ni. Ṣùgbọ́n Keshi ni balógun ikọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Yekini kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Siasia tí òun àti Yekini jọ gbá iwájú náà lọ kọ́ṣẹ́, ó sì ṣe é. Ẹ̀kọ́ àti ẹnu ni ó yà wọ́n.

Ẹnu náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀yìn nìkan. Nígbà tí ogun pín Côte d'Ivoire sí méjì láti 2002, tí Bouaké jẹ́ olú-ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, agbábọ́ọ̀lù iwájú kan, Didier Drogba, ni ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní 2005 tí ó bẹ àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ohun ìjà sílẹ̀. Òun ni ó sì béèrè pé kí a wá gbá ìdíje ikọ̀ orílẹ̀-èdè ní Bouaké. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2007, wọ́n na Madagascar ní 5 sí òdo níbẹ̀. George Weah ará iwájú jẹ ààrẹ Làìbéríà láti 2018 dé 2024. Samuel Eto'o ará iwájú ni wọ́n dìbò yàn ní 2021 láti darí àjọ bọ́ọ̀lù Kamẹrúùn. Bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà, olúkúlùkù lè jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a gbà pé ará iwájú lè gorí àga ààrẹ, kí a sì ní kò lè tò ènìyàn 11 sí pápá, àwàdà ni.

8. Ìbò tí èmi náà dì

N kò kọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó yan akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ikọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Àwọn méjì ni ó kù ní ìkẹyìn. Ọ̀kan ti gbá àárín ẹ̀yìn rí, ohùn rẹ̀ ga, ìdúró rẹ̀ jọ ti balógun. Èkejì ti gbá apá òsì rí. Ọdún mẹ́jọ ni ó ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, láìgba owó. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé ará etí pápá kì í mọ odidi eré. Gbogbo wa mi orí. Mo fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé kí ó kọ́ wa ní nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a wò ó. Ìgbìmọ̀ tí ó kún fún olùkọ́ ni o. N kò tún rí i mọ́ ní pápá ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta láti bẹ̀ yín. Ẹ̀yin olùwádìí, bí ẹ bá tún fẹ́ ka akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ipò ní ipò, ẹ ka àwọn tí ó béèrè iṣẹ́ tí a kò fún pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ́kọ́ pín iye yín pẹ̀lú iye àwọn tí ó ń gbá ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ ní kí ẹni tí ó wá síwájú yín kọ́ ọmọ ní nǹkan kan lójú yín. Ẹ má bi í ní ibi tí ó ti gbá. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè tí ẹ ń bójú tó ikọ̀ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yí ipò gbá, kí ọmọ apá òsì náà sì dúró ní ọjọ́ kan níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi pàdánù. Bí ó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ tí ó yé wọn, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn.

Ohun tí mo sọ fún ọmọkùnrin aláṣọ ní Bouaké nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ọ́ gún régé tó báyìí. Mo ka orúkọ Amuneke, Siasia àti El-Gohary fún un. Ó ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀ fún òun. Mo kọ wọ́n sí ẹ̀yìn rìsíìtì aṣọ tí mo rà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ forúkọ sílẹ̀.